Bàbá Tó Lọ Bọ́má: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ìrántí Àwọn Sójà Ìlú Wa

Bí oṣù kìíní ọdún bá ti dé báyìí, ìbéèrè nípa àwọn sójà àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ọmọ-ọmọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè. Wọ́n rí mẹ́dáàlì nínú àpótí, tàbí fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé kákí, wọn ò sì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń wá jù jọ síbí. Ogun Hítílà, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì, ni mo dúró lé jù, nítorí àwọn tó jà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, àwọn tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn sì ti ń darúgbó.

Ta ló yẹ ká kà mọ́ sójà ìlú?

Ẹnikẹ́ni tí ilé rẹ̀ wà ní ìlú yín tó sì wọṣẹ́ ogun, ìbáà gbé ìbọn, ìbáà má gbé e. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbà lọ́kàn ara wọn pé àwọn ará Òkè Ọya ló mọ ogun jà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló di akọ̀wé, awakọ̀, kápẹ́ńtà, oníṣẹ́ wáyà àti olùtọ́jú aláìsàn. Títí dòní lẹ máa gbọ́ kí ọmọ wí pé, "Bàbá wa kì í ṣe sójà gidi, ọsibítù ló wà." Ẹni tó ń di ojú egbò nígbà tí ọta ń fò kọjá létí rẹ̀, kí ló tún kù kó ṣe kó tó di sójà gidi?

Ẹ má yọ àwọn alábàárù sílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá Jámánì jà, ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916 àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn náà, àwọn ló fi orí gbé oúnjẹ àti ọta débi tí ẹsẹ̀ ẹṣin kò lè dé. Àwọn àgbà Èkó mọ ère méjì tó dúró ní Ìdúmọ̀tà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn kúrò: ọ̀kan jẹ́ sójà, èkejì jẹ́ alábàárù. Ẹni tó gbé ère náà kalẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni à ń ṣe ìrántí?

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni, bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Ọba, nítorí ọjọ́ náà ni ogun àkọ́kọ́ parí ní 1918. Nígbà tí ogun abẹ́lé wa parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, tí àwọn Biafra fọwọ́ sí i pé àwọn jọ̀wọ́ ara wọn, ìjọba gbé ìrántí wá sí ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kan náà ló tún jẹ́ pé ní 1966 ni wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní Kàdúná. Fún àwọn ilé kan, ìrántí méjì ni ọjọ́ náà gbé dání, ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ pe ẹbí wá síbi ètò yín.

Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti lẹ báàjì òdòdó pupa mọ́ àyà gómìnà, wọ́n á ṣe Jímọ́ọ̀ àkànṣe ní mọ́ṣáláṣí àti ìsìn ọjọ́ Àìkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á fun kàkàkí, gbogbo ènìyàn á dákẹ́, wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ní Èkó, Tafawa Balewa Square ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá jà ní Bọ́má?

Òótọ́ ni. Bọ́má ni ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Bíi 90,000 sójà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ síbẹ̀ láti bá Jàpáànù jà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì lé ní ìdajì wọn. Divíṣọ̀n méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní 1943: Divíṣọ̀n 81 àti Divíṣọ̀n 82. Aláǹtakùn dúdú ni àmì 81, òun ni Ànáńsè tí àwọn ará Gold Coast ń pa lálọ̀ọ́. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká ni àmì 82. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì ní èjìká bàbá nínú fọ́tò, ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú nìyẹn.

Òṣùká tí wọ́n yà síbẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Àfonífojì odò Kaladan tí wọ́n rán àwọn 81 lọ kò ní ọ̀nà ọkọ̀ kankan. Àwọn sójà yìí fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 gba orí òkè lọ, ìyẹn náà sì ní ibi tó parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, àwọn a sì gbé e lérí wọ inú igbó, nínú òjò àti ẹrẹ̀, pẹ̀lú ibà. Bìrìgéèdì kẹta, tó jẹ́ ti Nàìjíríà, tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ń pè ní Chindit lọ sẹ́yìn àwọn Jàpáànù ní 1944. Ní oṣù kìíní 1945, Divíṣọ̀n méjèèjì wà lára àwọn tó gba ìlú Myohaung.

Kó tó di Bọ́má, ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ bá Ítálì jà. Bìrìgéèdì Nàìjíríà gba Kẹ́ńyà wọ Sòmálíà, wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941, wọ́n sì ń bá a lọ dé Etiópíà, níbi tí Addis Ababa ti bọ́ lọ́wọ́ Ítálì ní oṣù kẹrin.

Bí ẹ bá ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn, ojoojúmọ́ lẹ ń pe orúkọ ogun wọ̀nyí láìmọ̀. Bárékè Arakan tó wà ní Àpápá, agbègbè ní Bọ́má ni. Dodan tó wà ní Ìkòyí, tí àwọn olórí ìjọba ológun ti jókòó ṣàkóso, Bọ́má náà ni. Letmauk ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, Bọ́má. Bárékè tí wọ́n ń pè ní Myoung ní Yábà, Myohaung tí mo dárúkọ lókè yẹn ni. Marda tó wà nítòsí rẹ̀ àti Abalti tó wà ní ìhà Ojúẹlẹ́gba, Etiópíà ni wọ́n ti wá. Kọ̀ńdọ́ àtijọ́ ń pariwo "Dódàn! Dódàn!" láàárọ̀ láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé abúlé kan ní Éṣíà ló ń pè, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti jà.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ ẹnìkan tí a lè sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1942. Olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í ṣe, wọ́n sì pín in mọ́ àwọn sójà Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 1944, àwọn Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta bà á lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ egungun itan rẹ̀. Òmíràn bà á ní ikùn. Àwọn tó lè sá sá lọ. Òun àti sájẹ́ńtì kan láti Sàró, David Kagbo, ló ṣẹ́ kù láàyè nínú igbó náà.

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ló rí wọn. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá ó gbé wọn pamọ́ sínú ilé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bí àwọn Jàpáànù bá mọ̀, pípa ni wọn ìbá pa òun àti ẹbí rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ibẹ̀ ní oṣù kejìlá. Fádoyèbọ̀ padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni oníròyìn kan láti ìlú Ọba fi lè mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́má ní 2011, tó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Bàbá náà kú ní 2012.

Ohun tí mo máa ń tọ́ka sí nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló la ohun tó tó bẹ́ẹ̀ kọjá, àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè.

Bàbá wa kò sọ nǹkan kan fún wa kó tó kú. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà àti àwọn àbúrò bàbá. Ẹ má bi wọ́n pé, "Kí ni bàbá ṣe lójú ogun?" Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló bá a dé lọ́jọ́ tó padà wálé, kí ló kó bọ̀, orin wo ló máa ń kọ bó bá mu ẹmu yó, oúnjẹ wo ni kì í fẹ́ rí, èdè wo ló ń sọ tí ẹnikẹ́ni nílé ò gbọ́. Mélòó nínú àwọn bàbá Bọ́má ni kò gbọ́ Haúsá? Òun ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn ní bárékè. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ ò ní rántí ohùn ta ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà iṣẹ́ ogun rẹ̀. NA ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó lè wà nínú ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn fọ́tò, tàbí lára àpótí irin tó gbé bọ̀. Nọ́ńbà yìí wúlò ju orúkọ lọ, nítorí bí akọ̀wé ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún, tí ẹni tó ń jẹ́ Òjó fi di "Ojo Ibadan", tí Làwàní di "Lawani Ilorin". Tí ẹ bá ń wá orúkọ ìdílé yín nínú ìwé tí ẹ ò rí i, ẹ fi orúkọ ìlú wá a.

Mẹ́dáàlì wà lọ́wọ́ wa. Kí ló lè sọ fún wa?

Ó sọ púpọ̀, kò sì sọ tán. Àwọn onígun mẹ́fà tó dà bí ìràwọ̀, ogun Hítílà ni. Orúkọ ibi tó ti jà wà lójú rẹ̀ yí ká: "The Burma Star" fún Bọ́má, "The Africa Star" fún àwọn tó bá Ítálì jà. Èyí tó rí roboto, tó ní orí Ọba lójú kan àti kìnnìún tó tẹ ẹranko abàmì mọ́lẹ̀ lójú kejì, gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ogun ni wọ́n fún nírú rẹ̀.

Ẹ má wá orúkọ bàbá lára èyíkéyìí nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára ti ogun kejì yìí fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, dúdú àti funfun. Ti ogun àkọ́kọ́ ló yàtọ̀: ẹ wo etí rẹ̀ yí po, orúkọ àti nọ́ńbà sójà wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹni tó bá ní irú èyí lọ́wọ́ ti ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o. Ẹ sì má ya ríbọ́ọ̀nù ara rẹ̀ sọnù nítorí pé ó ti gbó. Àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dá a mọ̀ kí wọ́n tó kà á.

Ibo ni ìwé wọn wà?

Ilé ìkówèépamọ́sí ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni mo máa ń rán ènìyàn lọ ṣáájú. Àwọn fáìlì ẹkùn àtijọ́ wà níbẹ̀: Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta, Oǹdó. Nínú wọn lẹ ó ti rí bí àjẹ́lẹ̀ ṣe ń kọ̀wé sí ọba pé kó wá ọmọkùnrin wá, àti lẹ́tà àwọn tó ti ogun dé tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òǹkọ̀wé létí títì ló bá wọn kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kò farapamọ́. Ẹ mú sùúrù lọ. Fáìlì kan lè gba odidi ọjọ́.

Ní ìlú Ọba, ilé ìkówèépamọ́sí tó wà ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ní ìwé tí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́. Ti Bọ́má wà lábẹ́ WO 172. Orúkọ àwọn ọ̀gá funfun ló kún inú rẹ̀, ti sójà lásán kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ bàtálíọ̀nù bàbá, ẹ ó mọ ibi tó wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tó kú sójú ogun, ẹ wo íńtánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves Commission, ọ̀fẹ́ ni. Nítòsí Rangoon, ní itẹ́ Taukkyan, òpó gíga-gíga wà tí wọ́n kọ orúkọ bíi 27,000 tí a kò mọ sàréè wọn sí, orúkọ àwọn tiwa sì wà lára wọn. Àwọn mìíràn sùn sí Chittagong, tó wà ní Bangladesh báyìí.

A wá orúkọ bàbá ńlá wa tó kú nínú ogun àkọ́kọ́, a ò rí i. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni?

Kì í ṣe irọ́ dandan. Ní 2021, àjọ tí mo dárúkọ yìí fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò tiẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá. Ọmọ Áfíríkà àti àwọn ará Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lóṣù kẹrin ọdún náà. Àwọn ọ̀gá ìgbà náà gbà pé òkúta ojú oórì kò lè yé ọmọ Áfíríkà. Àwa tí à ń sin òkú sínú ilé ká má baà gbàgbé rẹ̀!

Nítorí náà, bí ìwé kò bá ní orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹbí mọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnu àgbà lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ àti ipò kún un láti ọwọ́ ara yín kó lè dùn.

Kétu ni wá, ní Benin. Ṣe ni bàbá tiwa sá fún iṣẹ́ sójà àwọn Faransé. Ṣé a lè dárúkọ rẹ̀?

Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ní ìhà tiyín, Faransé kò bẹ ènìyàn, tipátipá ni wọ́n fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ nígbà ogun àkọ́kọ́. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ìjà kò wọ́n láàárín 1914 sí 1916, ọ̀pọ̀ ìdílé sì gba inú igbó sọdá sí ìhà Nàìjíríà. Ẹni tó lọ àti ẹni tó kọ̀ láti lọ, ogun kan náà ló tú ilé wọn ká.

Níhìn-ín pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà kò mọ́ gaara. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí ní 1918, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Àdùbí, àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá wọn jà. Bí ẹ bá ń ṣe ètò ní Abẹ́òkúta, ẹ má fo ìyẹn dá.

Àwọn tó jà lẹ́yìn òmìnira ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Kóńgò láti 1960, ogun abẹ́lé, Lẹ́bánónì, Làìbéríà láti 1990, Sàró, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kú ní Bọ̀rnó títí di ìsinsìnyí. Ajagun Adékúnlé Fájuyì ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ọmọ Adó-Èkìtì, ó wọṣẹ́ ní 1943, ó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún akin tó ṣe ní Kóńgò, wọ́n sì pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní Làlúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966. Òun ní páàkì, ó ní gbọ̀ngàn, ó ní bárékè. Kọ́púrà tó kú ní Làìbéríà kò ní nǹkan kan àyàfi ìyàwó tó fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó yẹn ni kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ́kọ́ lọ.

Ẹnìkan ní òun á bá wa gba owó Bọ́má tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ bàbá wa. Ó ní ká san owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Gbájúẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé wọn ò ṣe dáadáa sí àwọn bàbá wọ̀nyí. Owó ìdágbére ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù, iye tí wọ́n sì ń san fún dúdú kéré sí ti funfun. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí owó kan tó ń dúró de ọmọ-ọmọ. Àwọn tó wà láàyè àti opó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ni ìrànwọ́ díẹ̀ máa ń dé bá, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn sójà fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Legion tẹ́lẹ̀. Ti sójà Nàìjíríà tó fẹ̀yìntì lẹ́yìn òmìnira, Military Pensions Board ló ni ín.

Kí la lè ṣe ní ìlú wa láìsí owó ńlá?

Ẹ ka orúkọ. Ẹ kó gbogbo orúkọ tí ìlú mọ̀ jọ, àdúgbò sí àdúgbò, kí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan jáde ka ti bàbá rẹ̀, kí ìyá kan sì fi oríkì tì í lẹ́yìn. Onígángan ìlú lè fi ìlù pè wọ́n. Mo ti rí i ṣe, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé ẹyẹlé dà. Ẹ tẹ orúkọ náà sórí ìwé, ẹ fi ọ̀kan sí ààfin, ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé máìkì fún olóṣèlú kí ẹ tó ka orúkọ tán, torí oòrùn á wọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Ṣé ibì kan wà?

Ó wà. Òkúta ìrántí àwọn sójà Áfíríkà àti Kàríbíánì wà ní Windrush Square ní Brixton láti 2017. Ẹ lè mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

A rí ọta ìbọn nínú àpótí bàbá. Ṣé ká tọ́jú rẹ̀ mọ́ mẹ́dáàlì?

Rárá. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e níbi tó wà. Ẹ ya fọ́tò àpótí náà láti òkèèrè kí wọ́n tó dé, nítorí nọ́ńbà lè wà lára ìdérí rẹ̀.